Ilé iṣẹ́ òkè òkun ní owó òun gbọ́dọ̀ pé: ta ni yóò san owó orí rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ kékeré ni èmi àti ẹnì kejì mi jọ ń darí. A gba ilé iṣẹ́ kan lókè òkun pé kí wọ́n kọ sọ́fítíwíà fún wa, kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. A ti san ínfọ́ìsì méjì ní pípé, ó ku ẹyọ kan. Ẹni tó ń yẹ ìwé owó wa wò wá sọ pé ó yẹ ká ti yọ owó orí kúrò ká tó sanwó. Àwọn tí a gbà síṣẹ́ ní rárá: pé àdéhùn owó orí wà láàárín ìjọba tiwọn àti tiwa, pé àwọn kò ní ọ́fíìsì níbí, àti pé ìwé tí a jọ buwọ́ lù sọ pé owó àwọn gbọ́dọ̀ pé. Ta ló tọ̀nà? Ìdá mélòó la máa yọ? Kí la ó ṣe sí èyí tí a ti san?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó san ẹ̀kẹta. Owó tó kù lọ́wọ́ yín yẹn ni ẹ ṣì lè fi bá wọn sọ̀rọ̀. Bó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Ẹni tó ń yẹ ìwé yín wò lè tọ̀nà, àwọn ará òkè òkun náà sì lè tọ̀nà, lórí ínfọ́ìsì kan ṣoṣo. Ohun tó fà á ni pé ẹ ra nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ wọn, ẹ wá ń béèrè iye kan lọ́wọ́ mi. Ìdá mélòó ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí, òun ló sì yẹ kó kẹ́yìn. Kí ni owó yìí wà fún gan-an? Ṣé òfin ilẹ̀ ẹni tó ń sanwó mú un? Bó bá mú un, ṣé àdéhùn tó wà láàárín ìjọba méjèèjì dín in kù tàbí ó yọ ọ́ kúrò pátápátá? Ẹ̀yìn ìwọ̀nyí ni ìdá mélòó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe di tiyín ná. Ilé iṣẹ́ òkè òkun náà rí owó ní orílẹ̀-èdè yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ àjọ agbowó orí ibẹ̀ kò tó o. Kò ní ilé níbẹ̀, kò ní owó ní báǹkì ibẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n lè lọ kàn. Ẹ̀yin ni ọwọ́ wọn tó. Òfin wá sọ yín di agbowó: kí owó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ yọ ti ìjọba sílẹ̀, ẹ fi jíṣẹ́ fún ìjọba, ẹ san ìyókù fún ẹni tó ṣiṣẹ́. Òun ni owó orí àyọsílẹ̀, tí àwọn oníṣirò ń pè ní withholding tax. Ti ẹni tí ẹ ń sanwó fún ni owó orí náà, kì í ṣe tiyín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ kò bá yọ ọ́, ọrùn yín ni gbèsè rẹ̀ bọ́ sí, òun pẹ̀lú owó ìtanràn àti èlé. Láwọn ilẹ̀ kan, ó tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ní Íńdíà, bí ẹ bá san irú owó yìí fún àlejò láìyọ owó orí tó yẹ, wọn kì í jẹ́ kí ẹ kà á mọ́ ìnáwó nígbà tí ẹ bá ń ṣírò èrè yín, títí dìgbà tí owó orí náà bá dé àpò ìjọba. Ẹ ó wá máa san owó orí lórí èrè tí ẹ kò jẹ. Mo ti rí ojú àwọn tó bá ara wọn nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára.

Ó wá kan "a kò ní ọ́fíìsì níbí" tí wọ́n sọ. Àwáwí tó múná dóko ni nílẹ̀ kan, kò sì já mọ́ nǹkan kan nílẹ̀ mìíràn. Ọ̀nà méjì ni òfin máa ń gbà wo ibi tí owó iṣẹ́ ti wá.

Àwọn kan ń wo ibi tí òṣìṣẹ́ jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ ni ti Amẹ́ríkà. Òfin wọn ní kí a yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú oríṣiríṣi owó tí wọ́n ń san fún àlejò, iye yẹn sì máa ń dẹ́rù ba ènìyàn. Ṣùgbọ́n tó bá ti jẹ́ owó iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n gbà pé owó ti wá. Ẹni tó jókòó sí orílẹ̀-èdè tirẹ̀, tó ń kọ kóòdù fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà láìfi ẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà, ìdá 30 yẹn kò kàn án. Fọ́ọ̀mù W-8BEN ni ẹni tó ń sanwó máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí W-8BEN-E bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́, kó lè wà lákọsílẹ̀ pé àlejò ni.

Àwọn yòókù ń wo ẹni tó ń sanwó, tàbí ibi tí wọ́n ti ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ náà. Íńdíà ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ọ̀rọ̀ náà di ìjà níbẹ̀. Ní 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà sọ pé àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọ̀hún ní Íńdíà, kí wọ́n sì tún lò ó níbẹ̀, kí owó orí tó lè wà lórí rẹ̀. Ní 2010 ìjọba tún òfin ṣe: ibi yòówù kí ẹ ti ṣe iṣẹ́, bí ẹni tó wà nílẹ̀ wa bá ti ń lò ó, owó orí wà níbẹ̀. Wọ́n sì mú agbára òfin tuntun náà padà sẹ́yìn títí dé 1976. Nígbà tó di 2023, wọ́n gbé ìdá tó wà lórí owó iṣẹ́ ìmọ̀ láti 10 dé 20 nínú ọgọ́rùn-ún, láì ka àwọn àfikún. Kenya náà ń yọ 20 lórí owó iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí wọ́n ń san fún àlejò.

Nítorí náà, ẹ ṣí òfin ilẹ̀ yín, ẹ wá gbólóhùn tó sọ ibi tí owó iṣẹ́ ti ń wá. Bó bá jẹ́ pé ibi tí a ti ṣe é ni wọ́n kọ síbẹ̀, tí àwọn ènìyàn yìí kò sì wá rí, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ẹ̀ parí. Bó bá jẹ́ ẹni tó sanwó ni wọ́n ń wò, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

Ẹ wá gbé ínfọ́ìsì kẹta yẹn kalẹ̀, ká jọ kà á. Bó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, "iṣẹ́ sọ́fítíwíà", tí iye owó wà níwájú rẹ̀, ẹ dá a padà lónìí. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n tú u sí wẹ́wẹ́: iye tó wà fún kíkọ sọ́fítíwíà, iye tó wà fún àyè àtilò ó, iye tó wà fún ẹ̀kọ́, iye tó wà fún ìtọ́jú, iye tó jẹ́ owó ọkọ̀ òfuurufú àti ilé ìtura. Bí nǹkan bá dà pọ̀ lójú kan, ìdá tó ga jù nínú wọn ni agbowó orí máa fẹ́ fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa wá ẹ̀rí kiri láti já a. Kì í sì í ṣe pé kí wọ́n kàn pín in bó ṣe wù wọ́n. Bí iṣẹ́ ṣe lọ gan-an ni kí pípín náà tẹ̀ lé, kí ìwé àdéhùn sì gbè é lẹ́sẹ̀.

Kíkọ sọ́fítíwíà tó jẹ́ tiyín pátápátá lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, tí kóòdù rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ di tiyín, iṣẹ́ ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ wò ó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Àyè àtilo sọ́fítíwíà tó ṣì jẹ́ tiwọn ni ìjà pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ agbowó orí máa ń sọ pé owó ẹ̀tọ́ onímọ̀ ni, ìyẹn royalty, torí pé ìdá tirẹ̀ máa ń wà nínú àdéhùn ìjọba sí ìjọba, tí ti iṣẹ́ lásán sì lè má sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà yanjú rẹ̀ fún ilẹ̀ tiwọn. Ẹni tó ra ẹ̀dà sọ́fítíwíà láti lò, tí kò lè ṣe àdàkọ rẹ̀ tà, tí kò lè yí i padà, kò ra ẹ̀tọ́ onímọ̀. Ẹ̀dà ló rà, bí ìgbà tí ènìyàn ra ìwé láti kà. Owó ẹ̀dà kì í sì í ṣe owó ẹ̀tọ́. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ mìíràn kò ní láti tẹ̀ lé e, àmọ́ ìbéèrè tó bi yẹn ló yẹ kí ẹ̀yin náà bi ìwé àdéhùn yín: kí ni wọ́n gbà yín láyè láti fi sọ́fítíwíà yìí ṣe?

Ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú wá yàtọ̀ síra ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn àdéhùn kan wà, èyí tó wà láàárín Íńdíà àti Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀kan, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó bá gbé ìmọ̀ lé oníbàárà lọ́wọ́ ni wọ́n sábà máa ń yọ owó orí lórí rẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà tí mo ń gbà ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Sọ́fítíwíà dá iṣẹ́ sílẹ̀ lóru, ẹ pe àwọn ará òkè òkun, wọ́n wọlé láti ibi tí wọ́n wà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n jáde. Bó bá tún dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, kí lẹ ó ṣe? Ẹ ó tún pè wọ́n ni. Kò sí ìmọ̀ kankan tó kù sí yín lọ́wọ́, nítorí náà owó ìtọ́jú yẹn bọ́ lọ́wọ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú òṣìṣẹ́ yín méjì jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n kọ́ wọn títí wọ́n fi lè máa tún un ṣe fúnra wọn, ìmọ̀ ti bọ́ sí yín lọ́wọ́ nìyẹn, owó ẹ̀kọ́ náà sì lè kó sínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ni, ínfọ́ìsì kan náà ni, oṣù kan náà sì ni, síbẹ̀ èsì wọn kò papọ̀.

Owó ọkọ̀ àti ilé ìtura, ẹ gba rìsíìtì wọn, kí ó sì wà lọ́tọ̀. Láwọn ilẹ̀ púpọ̀, bó bá ti wọnú owó iṣẹ́, wọ́n á yọ owó orí lórí rẹ̀ náà.

Ó kan àdéhùn ìjọba sí ìjọba tí wọ́n ń tọ́ka sí. Irú àdéhùn yìí kì í dá owó orí tí kò sí nínú òfin ilẹ̀ sílẹ̀, dídín ló ń dín èyí tó wà kù. Nínú àwòkọ́ṣe àdéhùn owó orí tí OECD ṣe, ìyẹn ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè olówó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àdéhùn sì tẹ̀ lé, èrè òwò ilé iṣẹ́ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tirẹ̀ nìkan, àfi bó bá ní ibùdó iṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ kejì. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ ní, àwọn ènìyàn yìí ń sọ òótọ́ lórí owó iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ka tiyín gan-an, ẹ má ka àwòkọ́ṣe. Àwòkọ́ṣe ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà pé ibùdó iṣẹ́ wà bí àwọn òṣìṣẹ́ wọn bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju ọjọ́ 183 lọ láàárín oṣù 12, kódà bí wọn kò bá ní ọ́fíìsì. Ní 2017, wọ́n fi abala tuntun kan kún un, 12A, tó gba ilẹ̀ ẹni tó ń sanwó láyè láti yọ owó orí lórí owó iṣẹ́ ìṣàkóso, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ràn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é. Ní 2021, 12B tẹ̀ lé e fún iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń dá ara rẹ̀ ṣe. Èmi gbà pé ó tọ́ kí orílẹ̀-èdè tí owó ti ń jáde ní ìpín tirẹ̀, torí pé iṣẹ́ òde òní kò nílò kí ènìyàn wọ ọkọ̀ kó tó kó owó lọ. Àmọ́ ohun tó wà nínú àdéhùn tiyín ni agbowó orí yóò kà, kì í ṣe ohun tí èmi gbà.

Bí àdéhùn bá sì gbè wọ́n lẹ́yìn, ẹ̀rí ló kù. Àjọ agbowó orí orílẹ̀-èdè tiwọn gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìwé tó jẹ́rìí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó orí, kí ọdún tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ ọdún tí ẹ ń sanwó. Kí ó wà lọ́wọ́ yín kí owó tó jáde. Ẹ wò ó bóyá àwọn gan-an ló ni owó náà, tàbí orúkọ wọn lásán ni ẹlòmíràn gbé síwájú. Ní 2017, ọ̀pọ̀ ìjọba buwọ́ lu àdéhùn àjùmọ̀ṣe kan ní Paris láti fi tún àwọn àdéhùn owó orí wọn tó ti wà ṣe; níbi tó bá ti kan àdéhùn yín, àwọn agbowó orí lè kọ àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ inú rẹ̀. Ní ilẹ̀ mìíràn, ẹ ó kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àjọ agbowó orí kí ẹ tó lo ìdá tó kéré. Ní ilẹ̀ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ ó yọ ọ́ ní pípé, àlejò á wá lọ gba ìyókù padà fúnra rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe sọ pé ká kúkú yọ ọ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Bí ẹ bá yọ ohun tí àdéhùn kò gbà, orílẹ̀-èdè tiwọn kò ní fẹ́ dín owó orí kù fún wọn nítorí rẹ̀, torí pé kò yẹ kí ẹ ti yọ ọ́. Kódà níbi tí àdéhùn bá ti gbà kí ẹ yọ ọ́, ẹ gbọ́ ìdí tí wọ́n fi ń jà kíkankíkan. Ká ní wọ́n gba 100, ìnáwó wọn sì jẹ́ 85. Èrè wọn jẹ́ 15. Bí ẹ bá yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí 100 náà, gbogbo èrè lẹ gbé lọ yẹn. Nílé wọn, bí owó orí bá jẹ́ ìdá 25 lórí èrè, 3.75 ló yẹ kí wọ́n san, 3.75 náà nìkan ni ìjọba wọn sì lè fojú fò fún wọn nítorí èyí tí ẹ ti yọ. 11.25 tó kù ti wọgbẹ́. Wọ́n lè má jẹ́ olójúkòkòrò rárá. Ohun tó ń dùn wọ́n nìyẹn.

Èyí ló mú "owó wa gbọ́dọ̀ pé" wọnú ìwé àdéhùn yín. Gbólóhùn yẹn kò mú owó orí kúrò, ó kàn gbé e lé yín lórí ni. Ìṣirò rẹ̀ sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Ká ní wọ́n fẹ́ gba 10,000 dọ́là, ìdá owó orí sì jẹ́ 15. Ọ̀pọ̀ á ní 1,500 la ó fi kún un. Ó ti ṣìnà. Ìdá 15 lára 11,500 jẹ́ 1,725, ìyókù wá jẹ́ 9,775, owó wọn kò pé. Ńṣe lẹ ó fi 0.85, ìyẹn ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún tó kù lẹ́yìn owó orí, pín 10,000: ó di 11,764.71, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ 1,764.71. Iye tí iṣẹ́ náà ná yín gan-an nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Mo ti rí ìwé àdéhùn tó nípọn bí bíríkì, tí ọ̀rọ̀ owó orí inú rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Ilé iṣẹ́ náà sanwó lóṣooṣù fún ọdún mẹ́rin, kò yọ kọ́bọ̀. Nígbà tí àwọn ayẹ̀wéwò dé, wọ́n ka ìlà kan yẹn, wọ́n ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ yìí, wọ́n sì fi èlé lé e. Ọ̀gá ibẹ̀ bi mí pé ṣé kò sí bí àwọn ṣe lè gbà á padà lọ́wọ́ àlejò. Mo fi ìlà náà hàn án. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Fún èyí tí ẹ ti san, ẹ má dúró de ayẹ̀wéwò. Ẹ tú ínfọ́ìsì méjèèjì sí wẹ́wẹ́ bí mo ṣe wí. Bí ẹ bá rí i pé òfin mú apá kan, tí àdéhùn kò sì yọ ọ́, ẹ lọ fúnra yín sọ fún àjọ agbowó orí, kí ẹ sì san án pẹ̀lú èlé. Níbi púpọ̀, ìtanràn ẹni tó wá fúnra rẹ̀ kéré sí ti ẹni tí wọ́n mú. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé iye tí wọ́n gbà ni ìyókù lẹ́yìn owó orí, torí bẹ́ẹ̀ ni ìwé yín ṣe wí. Ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n lè gbà pé kí ẹ yọ díẹ̀ nínú ẹ̀kẹta. Bí wọ́n bá lè lo ìwé ẹ̀rí owó orí náà nílé wọn, wọ́n lè gbà.

Ẹ̀kẹta fúnra rẹ̀: ẹ mú ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ń san owó orí wá kí ẹ tó san án. Ẹ wo ọjọ́ tí òfin ní kí ẹ yọ ọ́, torí láwọn ilẹ̀ kan, ọjọ́ tí ẹ bá ti kọ gbèsè náà sínú ìwé owó yín ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí báǹkì fi owó ránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi káàdì san án, ẹ rántí pé ẹ̀rọ káàdì kì í yọ owó orí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, òfin kò sì dá yín sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Owó orí ọjà, ìyẹn VAT, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ó lè wà lórí iṣẹ́ kan náà, kí ẹ̀yin oníbàárà sì jẹ́ ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi owó orí náà jíṣẹ́, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé tiwọn gan-an, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́sẹ̀ náà. Láìsí ìwé yẹn, wọn kò ní ohun tí wọ́n máa fi han agbowó orí ilé wọn.